Ṣé Ọ̀nà Ló Jìn Lóòótọ́? Èkó, Lọ́ńdọ̀nù àti Salvador

Iṣẹ́ tí ẹ rán mi ni kí n sọ̀rọ̀ lórí bí ìlú kan ṣe jìnnà sí èkejì lójú òfuurufú, àti iye wákàtí tí bàlúù ń lò láàrin wọn. Ó jọ ọ̀rọ̀ ìṣirò lásán. Ẹni tó ní fóònù lọ́wọ́ á béèrè, fóònù á sì dá a lóhùn kó tó pajú dé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi í ní ìbéèrè méjì léra wọn. Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù ńkọ́? Yóò ní nǹkan bíi 5,000 kìlómítà ni, wákàtí mẹ́fà àbọ̀. Èkó sí Salvador, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Bahia ní Bràsíl, ńkọ́? Yóò ní nǹkan bíi 5,090 kìlómítà ni, wákàtí mẹ́fà àbọ̀ ó lé ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìdáhùn àkọ́kọ́ ṣeé wọ̀. Ojoojúmọ́ ni bàlúù ń gbéra ní Èkó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ìdáhùn kejì, ìṣirò rẹ̀ pé, àmọ́ kò sí ilé iṣẹ́ bàlúù kankan tó ń ná ọ̀nà náà. Wákàtí bàlúù tí kò sí ni fóònù kà fún wa yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ ti Èkó dé Salvador, ọjọ́ kan gbáko ni kó máa múra fún, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn baba wa ní ọ̀nà ló jìn, ẹrú ní baba. Mi ò bá àwọn àgbà jiyàn lórí ti pé ẹrú ní baba. Ti ọ̀nà tí wọ́n ló jìn yẹn ni mo fẹ́ kí a tún wò, nítorí gbogbo ẹ̀rí tó wà fi hàn pé kò jìn. Ọmọ aráyé ló mú un jìn, a sì lè tọ́ka sí bí wọ́n ṣe ṣe é.

Ẹ mú àwòrán ayé tó rí roboto bíi bọ́ọ̀lù, irú èyí tó máa ń wà lórí tábìlì ọ̀gá ilé ìwé. Ẹ já òwú ìránṣọ kan. Ẹ fi ìka tẹ orí òwú náà mọ́ Èkó, ẹ nà án gbọọrọ dé Lọ́ńdọ̀nù, kí ẹ fi èékánná mú ibi tó dé. Ẹ má ṣí ìka tó wà ní Èkó kúrò. Ẹ kàn yí òwú náà gba orí òkun, kí ẹ kọjú rẹ̀ sí Salvador. Bí bọ́ọ̀lù náà bá fẹ̀ tó 30 sẹ̀ǹtímítà láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, ohun tí òwú yín yóò fi kù kó tó kan Salvador kò ju mìlímítà méjì lọ, ìbú orí igi ìṣáná kan. Bí ẹ bá wá gbé e sókè díẹ̀ sí Recife, létí òkun kan náà, òwú yóò ṣẹ́kù sí yín lọ́wọ́, nítorí nǹkan bíi 4,540 kìlómítà péré ni Recife sí Èkó. Ìdí tí a fi ń lo òwú ni pé ilẹ̀ ayé kò tẹ́ pẹrẹsẹ. Ọ̀nà tó kúrú jù lórí ohun roboto ni èyí tí òwú tí a fà le bá gbà, òun náà sì ni bàlúù ń gbìyànjú láti tọ̀. Àwọn kan máa ń dá àwòrán ayé pẹlẹbẹ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri kíláàsì lẹ́bi, pé òun ló ṣì wá lọ́nà. Ẹ̀bi rẹ̀ kọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Irú àwòrán tí ayàwòrán ilẹ̀ kan, Mercator, gbé jáde ní 1569, ńṣe ló máa ń fa àwọn ibi tó jìnnà sí agbedeméjì ayé gùn, ó sì ti Lọ́ńdọ̀nù sókè ju ibi tó yẹ kó wà lọ. Ẹni tó bá gbé rúlà lé ògiri yẹn yóò rí i pé Salvador ló sún mọ́ Èkó jù. Láti kékeré ni ògiri kíláàsì ti ń wí fún wa pé Bahia kò jìnnà, a ò sì gbà á gbọ́. Tíkẹ́ẹ̀tì bàlúù la gbà gbọ́.

Ti wákàtí náà kò ṣòro. Bàlúù ńlá máa ń sá tó 850 sí 900 kìlómítà ní wákàtí kan bó bá ti gòkè tán. Ẹ pín 5,000 sí i, kò ní pé wákàtí mẹ́fà. Ìṣẹ́jú tó kù, orí ilẹ̀ àti ẹnu ọ̀nà ló ń lọ sí, torí wákàtí tí àwọn ilé iṣẹ́ bàlúù ń kọ sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí táyà bá ti yí kúrò níbi tí wọ́n gúnlẹ̀ sí títí tó fi dúró pátápátá lọ́hùn-ún: ìgbà tó ń rá pálá lọ sójú ibi tí yóò ti sáré, ìgbà tó ń tò sẹ́yìn àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ìgbà tó ń yí po lókè Lọ́ńdọ̀nù pé kí wọ́n yọ̀ǹda fún òun. Afẹ́fẹ́ náà ní tirẹ̀. Láàrin Lọ́ńdọ̀nù àti New York, bàlúù tó ń bọ̀ láti Amẹ́ríkà máa ń yá ju èyí tó ń lọ ní nǹkan bíi wákàtí kan, nítorí afẹ́fẹ́ líle kan wà lókè ibẹ̀ tó ń fẹ́ láti ìwọ̀ oòrùn sí ìlà oòrùn. Láàrin Èkó àti Bahia, níbi tó sún mọ́ agbedeméjì ayé, afẹ́fẹ́ òkè kì í le tó bẹ́ẹ̀. Àlọ àti àbọ̀ ì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Aago Salvador fi wákàtí mẹ́rin wà lẹ́yìn tiwa. Ẹ wá fojú inú wò ó: bàlúù gbéra ní Èkó ní aago mẹ́wàá àárọ̀, nígbà tí yóò fi balẹ̀ ní Salvador, aago kan ọ̀sán kò tíì lù níbẹ̀. Ẹni tó jẹ àkàrà kó tó jáde nílé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, yóò ti dúró ti obìnrin tó wọ aṣọ funfun lẹ́bàá ọ̀nà, tó ń da ẹ̀wà lílọ̀ sínú epo pupa gbígbóná, tó sì ń pè é ní acarajé.

Wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹ jẹ́ ká wo àwọn ọ̀nà tó wọ ọjà yìí báyìí. Bí èrò bá gba Lisbon ní Pọ́túgà, yóò kọ́kọ́ fo nǹkan bíi 3,790 kìlómítà lọ sókè, yóò jókòó de ọkọ̀ mìíràn, yóò tún wá sọ̀kalẹ̀ ní 6,500 kìlómítà. Lápapọ̀, ó lé ní 10,200, ìlọ́po méjì ohun tí òwú wa wí. Bó sì ti ń bọ̀ láti Lisbon, bàlúù rẹ̀ yóò tún gba apá Cape Verde kọjá, níwájú etíkun ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà tó ti kúrò níbẹ̀ lánàá. Ọ̀nà ti Addis Ababa tún ya ènìyàn lẹ́nu jù. Ẹni tó ń lọ sí ìwọ̀ oòrùn yóò dojú kọ ìlà oòrùn, yóò fo nǹkan bíi 3,900 kìlómítà lọ sí Etiópíà, yóò sùn tàbí kó tòògbé lórí àga ní pápákọ̀ òfuurufú, yóò wá wọ bàlúù tó ń lọ sí São Paulo, nǹkan bíi 9,900 kìlómítà. Bàlúù yìí yóò tún gé ilẹ̀ Áfíríkà já padà kó tó bọ́ sórí òkun. Láti São Paulo, ó tún ku bíi 1,450 kìlómítà sí Salvador. Ó ti lé ní 15,000 báyìí, ìlọ́po mẹ́ta, nǹkan bíi ogún wákàtí lókè nìkan, láì ka ìdúró mọ́ ọn. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni lè pe èyí ní bí Ọlọ́run ṣe dá ayé.

Ìgbà kan wà tí ọ̀nà náà gún régé. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, ọkọ̀ ojú omi Bahia kì í kọ́kọ́ yà sí Lisbon kó tó wá sí etíkun wa. Tábà ni wọ́n ń kó bọ̀, èyí tí wọ́n ká ní róòlù tí wọ́n sì fi omi ìrèké pa, tí àwọn oníṣòwò Whydah àti Èkó fẹ́ràn gan-an. Ènìyàn ni wọ́n ń kó lọ. Tààrà ni wọ́n ń lọ, tààrà ni wọ́n ń bọ̀, ó sì ń dun àwọn Potogí fúnra wọn pé òwò náà ń kọjá lẹ́yìn wọn. Olùwádìí kan, Pierre Verger, fi ọ̀pọ̀ ọdún wá àkọsílẹ̀ òwò yìí kiri, ó sì gbé ìwé ńlá jáde lórí rẹ̀ ní 1968. Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí òun ló burú jù nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ: nígbà tí ọmọ ènìyàn jẹ́ ẹrù, ọ̀nà tààrà wà. Nígbà tí ẹrù di èrò, ọ̀nà tààrà parẹ́. Kò tilẹ̀ parẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn Mùsùlùmí ní Salvador ní oṣù kìíní 1835, ìjọba ibẹ̀ lé àwọn kan, àwọn mìíràn sì fi owó ara wọn wọkọ̀, wọ́n padà wá sí Èkó, Àgúé àti Whydah. Àwọn la ń pè ní Àgùdà. Ọkọ̀ ojú omi kò ṣíwọ́ gbígbé èrò lọ gbé èrò bọ̀. Martiniano Eliseu do Bonfim, tí wọ́n bí ní Salvador ní 1859, bá baba rẹ̀ wá sí Èkó ní 1875, ó kàwé níbí fún bí ọdún mọ́kànlá, ó padà sí Bahia, ó sì di babaláwo tí gbogbo ìlú ń bẹ̀ wò. Fún irú wọn, Èkó àti Bahia kò yàtọ̀ sí ìlú méjì létí ọ̀sà kan náà.

Ohun tó ya wọ́n ni pé Èkó di ti Ìlú Ọba ní 1861. Láti ìgbà náà, Liverpool ni lẹ́tà ń gbà, Liverpool ni epo pupa ń lọ, Liverpool ni ọmọ tó fẹ́ kàwé ń bá ọkọ̀ lọ. Alfred Moloney, tó jẹ́ gómìnà Èkó láàrin 1886 sí 1891, fẹ́ kí ọkọ̀ elékèéfín máa ná Èkó àti Bràsíl kí àwọn Àgùdà lè máa rọ́nà bọ̀ wálé. Ọ̀nà náà kò fìdí múlẹ̀. Nígbà tí bàlúù dé, ojú ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojú omi ló tọ̀. Ní 1958 tí Nàìjíríà dá ilé iṣẹ́ bàlúù tirẹ̀ sílẹ̀, Lọ́ńdọ̀nù ló kọ́kọ́ wà lójú wọn gẹ́gẹ́ bí òkè òkun, mi ò sì lè bá wọn wí, torí ibẹ̀ ni owó, ilé ìwé àti ẹbí wà. Ohun tí mo ń sọ ni pé òwò àti ìjọba ló la ọ̀nà náà, kì í ṣe kìlómítà. Bó bá jẹ́ kìlómítà ni, Recife ni ìbá ti gba ipò kìíní.

Ẹnikẹ́ni tó bá ṣì ń ṣiyèméjì pé ènìyàn ló ń fa ọ̀nà gùn, kó rántí ọdún 2023. Ní ọjọ́ 26 oṣù keje, àwọn ológun gbàjọba ní Nìjẹ̀r. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ, wọ́n ti ojú òfuurufú wọn pa, wọn ò sì ṣí i títí di ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án. Orí Nìjẹ̀r wà lójú ọ̀nà Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù gan-an. Láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yẹn, bàlúù ń yà bàrá, wákàtí ń gùn sí i, epo tí wọ́n ń jó ń pọ̀ sí i, àwọn kan tilẹ̀ ti gbéra kí wọ́n tó ṣẹ́rí padà. Ilẹ̀ ayé kò fi kìlómítà kan gùn sí i. Ọ̀gágun kan ló sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Òkun tó wà láàrin àwa àti Bahia ní tirẹ̀ kò ní ọ̀gágun.

Wọ́n lè wí pé òkun náà gan-an ni ẹ̀rù, pé aṣálẹ̀ sàn ju omi lọ fún ẹni tí ẹnjìnnì bá kú lé lórí. Ọ̀rọ̀ yìí ní ìtàn lẹ́yìn. Ní oṣù karùn-ún 1930, Jean Mermoz, ọmọ Faransé, gbé lẹ́tà láti Saint-Louis ní Sẹ̀nẹ̀gàl fò dé Natal ní Bràsíl ní nǹkan bí ogún wákàtí. Ní oṣù kejìlá 1936, òkun yìí kan náà gbé e lọ, wọn ò rí i mọ́. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí ogójì ọdún lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 21 oṣù kìíní 1976, nígbà tí Concorde ti Faransé gbé èrò olówó fún ìgbà àkọ́kọ́, Rio de Janeiro ló gbé wọn lọ. Ó yà ní Dakar, kó lè mu epo. Ọ̀kan lára àwọn bàlúù èrò tó yára jù láyé nígbà náà ń fi ilẹ̀ Áfíríkà ṣe ilé epo lójú ọ̀nà Bràsíl. Lóde òní, òfin àwọn bàlúù ẹlẹ́njìnnì méjì ti yàtọ̀ pátápátá; wọ́n gbà fún àwọn tó bá yege láti wà ní wákàtí mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ sí pápá tó sún mọ́ wọn jù, erékùṣù Ascension sì wà láàrin omi náà pẹ̀lú pápá tirẹ̀. Bàlúù ẹlẹ́njìnnì méjì ti Àǹgólà ń lọ láti Luanda sí São Paulo, wọ́n ń ti Johannesburg náà lọ. Ní 2013, bàlúù Etiópíà bẹ̀rẹ̀ sí í ya Lomé kó tó fò dé Bràsíl. Lomé, ẹ gbọ́, tí kò tó 250 kìlómítà sí Èkó lójú òfuurufú! Omi tó gbé ará Lomé kọjá kò lè kọ ará Èkó.

Àtakò tó lágbára jù ni ti èrò: ta ni yóò wọ̀ ọ́? Bàlúù tó ní àga 250, bó bá ń lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, ní àga 39,000 láti tà lọ́dún ní àlọ nìkan, ó tún ní 39,000 láti tà ní àbọ̀. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà yóò fi kún un pé oríta ni Addis àti Lisbon jẹ́: ará Èkó, ará Accra, ará Kampala pàdé níbẹ̀, wọ́n sì jọ kún ọkọ̀ kan, tíkẹ́ẹ̀tì dínwó. Òótọ́ ni. Mi ò ní ṣe bí ẹni pé àga 39,000 kéré, bẹ́ẹ̀ ni mi ò ní kí ìjọba fi owó ìlú gbé bàlúù tó ṣófo. A rí ibi tí gbèsè gbé Nigeria Airways dé kó tó kógbá sílé ní 2003. Àmọ́ bí wọ́n ṣe ń ka èrò yẹn ló lábùkù. Iye ẹni tó lè fara da ìrìn ọjọ́ kan ààbọ̀ ni wọ́n ń kà, wọ́n wá ń fi í wọn iye ẹni tí yóò rin ìrìn wákàtí mẹ́fà àbọ̀. Ká ní iye èrò tó ń fi ọkọ̀ ojú omi ré ọ̀sà kọjá láti Oworonṣoki sí Èkó ni wọ́n kà kí wọ́n tó kọ́ afárá Third Mainland tí wọ́n parí ní 1990, wọn ì bá má kọ́ ọ. Oríta náà sì ní owó tí kò hàn lára tíkẹ́ẹ̀tì. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù ní kí ọmọ Nàìjíríà tó fẹ́ pààrọ̀ ọkọ̀ ní Lisbon gba físà ìkọjá, bí kò tilẹ̀ ní jáde kúrò nínú pápákọ̀. Ẹ wo ìyẹn: ẹni tó ń lọ bá ẹlòmíràn, ó ní láti kọ́kọ́ bẹ ẹni tí kò fẹ́ rí. Owó físà, ọjọ́ tí wọ́n fi ń dúró de ìdáhùn, ìwé báǹkì tí wọ́n ń tẹ̀ jáde, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ara ìrìn àjò náà, bàlúù kò sì tíì gbéra.

Àwọn ọ̀dọ́ yóò ní kí la ń jà sí, nígbà tí fídíò orí fóònù ti fi Bahia sí àtẹ́lẹwọ́. Fóònù kì í gbé ẹ̀wù, kì í gbé èèlò, kì í gbé akẹ́kọ̀ọ́ lọ jókòó ní kíláàsì. Bó bá tó bẹ́ẹ̀, ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù ni ìbá kọ́kọ́ ṣófo, nítorí fídíò wa ń dé ibẹ̀ lójoojúmọ́. Ọdọọdún ni àwọn ilé iṣẹ́ ń du àyè níbẹ̀. Ní oṣù kẹta 2024 ni Air Peace, ilé iṣẹ́ bàlúù Nàìjíríà, náà wọ̀ ọ́.

Ó wá ku ìròyìn ayọ̀ tí mo mọ̀ pé ẹ ti ń retí kí n dárúkọ. Ní oṣù kẹjọ 2025, nígbà tí Ààrẹ Bola Tinubu lọ sí Bràsíl, orílẹ̀-èdè méjèèjì fọwọ́ sí àdéhùn lórí ìrìn òfuurufú, wọ́n sì sọ ọ́ pé Air Peace yóò máa fò láti Èkó sí São Paulo. Ohun rere ni, mo sì kí gbogbo ẹni tó lọ́wọ́ sí i. Ẹ ṣáà gbé òwú yín padà sórí bọ́ọ̀lù náà. Èkó sí São Paulo jẹ́ nǹkan bíi 6,350 kìlómítà, ó fi ju 1,200 lọ gùn ju Èkó sí Salvador. Wọ́n yàn án torí pé ibẹ̀ ni owó Bràsíl jókòó sí, bí Lọ́ńdọ̀nù ṣe jẹ́ ibi tí owó tiwa jókòó sí nígbà náà lọ́hùn-ún. Ẹni tó ń lọ sí Salvador yóò balẹ̀ ní São Paulo, yóò tún wọ ọkọ̀ mìíràn padà sókè fún wákàtí méjì ó lé. Ohun tí àwọn tó ń dúnàádúrà fún wa lè béèrè fún kò le: kí bàlúù náà ya Salvador lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ní àlọ tàbí ní àbọ̀, bí ti Etiópíà ṣe ya Lomé nígbà kan. Bí wọn ò bá béèrè, yóò wọ ilẹ̀ Bràsíl láti etíkun Espírito Santo, Salvador yóò wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ ní ohun tó lé ní 600 kìlómítà, bàlúù náà yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ.